Àdírẹ́sì Ìwé Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Bí A Ṣe Lè Kó O Sínú Àká

Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìwé ni a ó sọ lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti máa retí pé n ó dárúkọ ikán, eku àti òjò tí ń jò sórí pẹpẹ ìwé wa. Ọ̀rọ̀ ńlá ni ìyẹn náà, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni mo gbé wá. Ìwé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ní èèpo ẹ̀yìn, ikán kò sì lè jẹ ẹ́, síbẹ̀ ó ń sọnù mọ́ wa lọ́wọ́ lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Ní ọdún 2019, kọ̀ǹpútà alágbèéká mi kọ̀, kò tàn mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní agbègbè Takie, níhìn-ín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó tún un ṣe lóòótọ́, owó tó gbà kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i délé, inú rẹ̀ mọ́ tónítóní bí àwo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ti pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ kí ó tó fi ètò tuntun sí i. N kò dá a lẹ́bi. Kò bi mí ní ohun tó wà nínú rẹ̀, èmi náà kò sì sọ fún un. Àwọn ìwé tí mo fọwọ́ ara mi kọ kò bá a lọ, nítorí mo ní ẹ̀dà wọn lórí fláàṣì. Ohun tó bá a lọ ni àmì tí mo ti ń fi sí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún 2011, tí wọ́n lé ní ẹgbẹ̀ta. Lára wọn ni ojú-ìwé kan wà tí àgbàlagbà kan gbé oríkì agbolé rẹ̀ sí, ẹsẹ tó gùn, tí mo ti pinnu pé n ó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo rántí àwọ̀ ojú-ìwé náà. Mo rántí pé àwòrán igi ìrókò kan wà lókè rẹ̀. Àdírẹ́sì rẹ̀ ni n kò rántí, n kò sì tíì rí i padà títí di alẹ́ òní.

Fún àǹfààní ẹni tí kò tíì máa lò ó, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Bíráósà ni irinṣẹ́ tí a fi ń ṣí ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, irú Chrome tàbí Firefox. Bí a bá rí ojú-ìwé tó wù wá, a lè tẹ ìràwọ̀ kékeré kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀, bíráósà yóò sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ojú-ìwé náà sílẹ̀ fún wa. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní bookmark. Àmì-ìwé ni mo ń pè é ní kíláàsì mi. Ẹ kíyè sí i pé ìwé náà gan-an kọ́ ni bíráósà pa mọ́. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ló kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú èyí. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ni T. J. Bowen, oníwàásù Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé ní ọdún 1855. Gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí ó kọ jáde ní ọdún 1858. Ilé-iṣẹ́ Smithsonian ní Washington ni ó tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn baba ńlá wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ka ìwé náà lè rí àwòrán ojú-ewé rẹ̀ ní Internet Archive, ilé ìpamọ́ tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní ọdún 1996. Okùn tó so akẹ́kọ̀ọ́ náà mọ́ ọn kò ju ìlà àdírẹ́sì kan ṣoṣo lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn iṣẹ́ tuntun rí: àkójọ orúkọ Yorùbá tí Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2015, ìròyìn BBC ní èdè Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní MENYO-20k, tí David Adelani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2021, tí gbólóhùn inú rẹ̀ lé ní 20,000. Kò sí ẹni tó ti tẹ àkójọ àwọn àdírẹ́sì wọ̀nyí sínú ìwé kan ṣoṣo tí a lè rà lọ́jà. Olúkúlùkù ni ó ń tọ́jú tirẹ̀ sínú ẹ̀rọ ara rẹ̀, bí ẹni tí ń kó ẹyin sínú àpò ṣòkòtò.

Ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í sì í pẹ́ láyé. Ilé ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde kan jáde ní ọdún 2024: nínú àwọn ojú-ìwé tó wà ní ọdún 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣeé ṣí mọ́ nígbà tí yóò fi di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2023. Ọdún mẹ́wàá péré ni o. Bí àwọn ojú-ìwé ti ń kú ni àwọn ilé tí a ń kó àdírẹ́sì wọn sí náà ń ti ilẹ̀kùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó kó tiwọn sí Delicious, tí a dá sílẹ̀ ní 2003. Ó bọ́ láti ọwọ́ olówó kan sí òmíràn títí tí ẹni tó rà á kẹ́yìn ní ọdún 2017 fi sọ ọ́ di ohun tí a kàn ń wò, tí a kò lè kọ nǹkan sí mọ́. Àwọn mìíràn kó tiwọn sí Pocket. Mozilla tì í ní ọjọ́ 8 oṣù Agẹmọ ọdún 2025. Wọ́n kìlọ̀ kí wọ́n tó tì í, ó yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ kì í dé etí gbogbo ayálégbé.

Lẹ́yìn tí ojú mi ti rí màbo ní 2019, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó là mí lójú. Ìlú tí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá wà láti ọdún 1990 kò lè ṣàì ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ròyìn àdánù mi fún un, mo ń retí kí ó bá mi kẹ́dùn. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, “Ẹ má bínú o, sà, ṣebí ẹ̀yin ni ẹ máa ń sọ fún wa pé kí a máa tọ́jú ìwé.” Kò sí èsì lẹ́nu mi. Ó wá jókòó tì mí, ó sì fi Git hàn mí.

Ní ọdún 2005 ni Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland tó kọ́kọ́ ṣe Linux, ṣe irinṣẹ́ tí ń jẹ́ Git yìí, kí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà lè jọ ṣiṣẹ́ lórí fáìlì kan náà láìba ti ara wọn jẹ́. Ẹni tó bá ti ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ rí yóò tètè mọ ọgbọ́n inú rẹ̀. A kì í fi rọ́bà pa ohun tí a ti kọ sínú ìwé owó ẹgbẹ́ rẹ́. Bí àṣìṣe bá wọ̀ ọ́, ìlà tuntun ni a ó fi ṣe àtúnṣe, ọjọ́ rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́ yóò sì wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè tọpa rẹ̀. Bí Git ti ń ṣe gan-an nìyẹn. Ibi tí a ń kó fáìlì sí lọ́nà yìí ni wọ́n ń pè ní repository. Bí a bá ní kí a túmọ̀ rẹ̀ ní ṣákálá, a ó ní “ibi ìpamọ́”. Ṣùgbọ́n orúkọ tí àwọn baba wa fún ilé tí a ń kó àgbàdo àti ọkà bàbà sí lóko ni ó wù mí jù, ìyẹn àká. Ẹni tó ní àká kò gbàgbé ohun tó wà nínú rẹ̀; ó ń yọ níbẹ̀, ó ń fi kún un, ó sì mọ iye tó kù.

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni ó ń gba irú àká bẹ́ẹ̀ pa mọ́. GitHub, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. GitLab náà wà. Ẹlẹgbẹ́ mi tó jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún mi yìí bi mí kí a tó tan iná sí wa lójú pé: ṣé Microsoft tó ra GitHub ní 2018 kò lè ti ilé tirẹ̀ náà ni? Ó lè tì í. Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni, n kò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fi Git gba ẹ̀dà àká rẹ̀ sórí ẹ̀rọ ara rẹ̀ ti gba gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn rẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó sì lè gbé e lọ sí ilé mìíràn lọ́jọ́ kan náà. Onílé lè lé wa. Kò lè gba ẹrù wa.

Ó wá ku ohun tí yóò máa gbé àmì-ìwé wa láti inú bíráósà lọ sí àká. Àfikún bíráósà ni, ìyẹn irinṣẹ́ kékeré tí a ń so mọ́ bíráósà kí ó lè ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo ń lò ni Floccus, tí Marcel Klehr bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń bá Chrome àti Firefox ṣiṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ ṣí àkántì ní GitHub, kí ẹ sì dá àká tuntun sílẹ̀ níbẹ̀. Yóò bi yín bóyá ti gbogbo ayé ni àbí ti ẹ̀yin nìkan. Ẹ yan Private. Láti ọdún 2019 ni wọn kò ti gba owó lórí ìyẹn mọ́. Ẹ ní kí ó fi ìwé kékeré README sí i pẹ̀lú, kí àká náà má bàa ṣófo nígbà tí Floccus bá kọ́kọ́ kàn án lára.

Ohun kejì ni kọ́kọ́rọ́, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti máa ń dúró sí. Láti ọjọ́ 13 oṣù Ògún ọdún 2021, GitHub kì í gba ọ̀rọ̀ aṣínà àkántì wa fún iṣẹ́ Git mọ́. Tókìnì ni ó ń béèrè, ìyẹn ọ̀rọ̀ gígùn tí kò ní ìtumọ̀, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ hun. Ẹ wọ inú Settings, ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé Developer settings, ẹ tẹ Personal access tokens, kí ẹ sì yan èyí tí wọ́n pè ní Fine-grained. Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí? Ìdí ni pé òun ni ó jẹ́ kí a lè sọ pé àká kan ṣoṣo ni kọ́kọ́rọ́ yìí lè ṣí. Ẹ tọ́ka sí àká àmì-ìwé yín nìkan. Níbi tí a kọ Contents sí, ẹ fún un ní àṣẹ láti kà àti láti kọ. Ẹ má fún un ní àṣẹ mìíràn. Ẹni tó bá rán ọmọ ọ̀dọ̀ sí yàrá ìdáná kì í kó kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé lé e lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọn yóò fi tókìnì náà hàn yín, nítorí náà ẹ dà á kọ kí ẹ tó pa ojú-ìwé náà dé. Ẹ má fi í ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí WhatsApp, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń ràn yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, ìyókù kò le. Ẹ so Floccus mọ́ bíráósà láti ibi tí bíráósà ti ń pín àfikún, ẹ ṣí i, kí ẹ sì yan Git. Ẹ kọ àdírẹ́sì àká yín sí i, orúkọ tí ẹ ń jẹ́ ní GitHub, àti tókìnì ní ibi tó ti béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà. Main ni orúkọ ẹ̀ka tó bá béèrè. Yóò ní kí ẹ yan irú fáìlì tí yóò máa kọ. Mo yan XBEL, ìlànà àkọsílẹ̀ àmì-ìwé tí a ti ń lò láti ọdún 1998, nítorí pé ọ̀rọ̀ lásán ni, ojú ènìyàn lè kà á láìsí ẹ̀rọ pàtàkì kankan. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tọ́ka sí fódà tí ẹ fẹ́ kó lọ nínú bíráósà yín. Bí ẹ bá ti ń lo ètò ìbáradọ́gba tí bíráósà ní fúnra rẹ̀, ẹ pa á kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá méjì kì í darí ọkọ̀ kan.

Ibi kan ṣì wà tí ó yẹ kí a ti fara balẹ̀. Floccus lè da ohun tó wà lọ́wọ́ wa pọ̀ mọ́ ohun tó wà ní àká. Èyí ni ó dára fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó tún lè sọ àká di bíi ti ẹ̀rọ wa, tàbí kí ó sọ ẹ̀rọ wa di bíi ti àká. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí ó yá, tí kò sí àmì-ìwé kankan nínú bíráósà rẹ̀. Ó fẹ́ gba àkójọ kíláàsì wa sórí rẹ̀, ó sì tẹ òdìkejì. Ó ní kí àká dà bíi ti ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ṣófo, àká náà sì ṣófo. Iṣẹ́ ogójì ọmọ láàárín sáà kan, àdírẹ́sì oríkì, ti ìtàn ìlú, ti ìwé àtijọ́, gbogbo rẹ̀ pòórá kí ó tó mí ẹ̀ẹ̀mejì. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó dọ̀bálẹ̀, omi lé ròrò sí i lójú.

Mo ní kí ó dìde. A ṣí fáìlì náà ní GitHub, a tẹ History. Gbogbo ìyípadà wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí wọn, láti ìlà àkọ́kọ́ títí dé àṣìṣe ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. A ṣí èyí tó ṣáájú àṣìṣe, a da ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kọ padà sínú fáìlì, a sì fi orúkọ sí i. Kò gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Àkọsílẹ̀ àṣìṣe rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àtúnṣe wa sì tẹ̀ lé e. Mo ronú kan ọ̀dọ́mọkùnrin ti Takie ní alẹ́ ọjọ́ náà, àti ìrókò orí ojú-ìwé mi tó sọnù.

Ohun tó gbà wá là yìí ní ẹ̀yìn tirẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Àká tí kì í gbàgbé kò ní gbàgbé ohun tí a fẹ́ kí ó gbàgbé. Àdírẹ́sì mìíràn wà tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́. Irú rẹ̀ ni ti ìwé Google tí a pín fún “ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì”. Bí ẹ bá gbé irú rẹ̀ sí àká tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, tí ẹ wá yọ ọ́ kúrò lọ́la, ẹni tó bá wo ìtàn fáìlì náà yóò rí i. Fódà méjì ni mo fi ń ṣe tèmi: ti ara mi, tó ń lọ sí àká tí ó pa dé, àti ti kíláàsì, tó ń lọ sí èyí tó ṣí sílẹ̀. Ìwé ìdánwò kò sí nínú èyíkéyìí.

Níwọ̀n bí èdè ti jẹ́ iṣẹ́ mi, ẹ gbà mí láyè kí n yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ń sọ àmì-ìwé yín lórúkọ, ẹ fi àmì ohùn sí i, ṣùgbọ́n kí ẹ tún kọ orúkọ náà láìní àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú ìlànà Unicode tí ẹ̀rọ fi ń kọ lẹ́tà, “ọ́” wa kò ní nọ́ḿbà tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni ẹ̀rọ ń tò pọ̀. Àwọn kan ń fi àmì kan sábẹ́ “o”, àwọn mìíràn ń fi ìlà kékeré òòró sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ méjì ni. Mo ti wá “Ògbómọ̀ṣọ́” nínú àkójọ ara mi rí tí ẹ̀rọ ní kò sí níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínlógún ni ó wà.

Mo ti sọ ṣáájú pé ọ̀nà ni àmì-ìwé, kì í ṣe ilé. Àká lè pa ọ̀nà mọ́ títí láé kí ilé tó wà lópin rẹ̀ sì wó. Nítorí náà, bí ojú-ìwé kan bá ṣe iyebíye, mo máa ń gbé àdírẹ́sì rẹ̀ lọ sí Wayback Machine ti Internet Archive, kí wọ́n ya ẹ̀dà rẹ̀ sílẹ̀; àdírẹ́sì ẹ̀dà náà ni mo sì ń fi sí àkójọ pẹ̀lú ti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ká ní mo ti mọ èyí ní 2011 ni, oríkì agbolé yẹn ì bá wà lọ́wọ́ mi lónìí.

Ní ti dátà àti iná tí ẹnìkan yóò fẹ́ béèrè, fáìlì tó ní ẹgbẹ̀ta àdírẹ́sì kò tó àwòrán kan tí a fi fóònù ìgbàlódé yà. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ yóò dúró de ìgbà tó bá padà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó kù tí ẹ̀rọ kò lè bá wa ṣe: tókìnì máa ń ní ọjọ́ ikú, bí ọjọ́ náà bá sì pé, Floccus yóò kàn máa fi àmì àṣìṣe hàn ni, kò ní gbé nǹkan kan lọ mọ́. Tèmi yóò kú ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀. Mo ti kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà tí mo fi kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì mi.